Ta Ni Ó Ni Ìtàn Jálumi? Ọ̀rọ̀ Lórí Fíìmù Ṣíṣe àti Ẹ̀tọ́ Àdàkọ

Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú mi kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe fíìmù, tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, tí ó jẹ́ pé owó àpò ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é, èwo nínú iṣẹ́ àwọn tí ó ti lọ ṣáájú ni ó lè mú lò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Èwo sì ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn agbẹjọ́rò nìkan. Láyé òde òní, tí ẹ̀rọ ayàwòrán ti wọ inú tẹlifóònù àpò, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní sùúrù lè ṣe fíìmù. Ìtàn àwọn baba wa sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ láti ṣe. Ẹni tí kò bá mọ ààlà yóò ṣi ẹsẹ̀ gbé lọ́nà méjì: ó lè wọ oko olóko lọ kórè, ó sì lè dúró sẹ́nu ọ̀nà oko baba tirẹ̀, kí ó máa bẹ̀rù àtiwọlé. Àṣìṣe méjèèjì ni ó ń pa wá lára.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Ìkìrun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun ńlá kan jà ní agbègbè Ìkìrun sí Ìbà. Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá pa ọwọ́ pọ̀. Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣíwájú rẹ̀, dojú kọ wọ́n. Ìbàdàn borí. Àwọn tí ń sá lọ kan odò Ọ̀tìn, púpọ̀ nínú wọn já sínú omi, wọ́n sì bá omi lọ. Nítorí èyí ni a fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ agbègbè náà, fẹ́ fi ogun yìí ṣe fíìmù. Ó ti kó ìwé ìtàn méjì jọ. Ó fẹ́ kí obìnrin kan ní Òkukù ki oríkì nínú fíìmù náà. Ó fẹ́ fi orin àtijọ́ kan sí i, ó sì rí àwòrán kan tí ó wù ú. Kí ni kí ó ṣe?

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn òyìnbó ní kọpiráìtì; ẹ jẹ́ kí á pè é ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Òun ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tí ó fi làákàyè rẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀, pé òun ni ó lè dà á kọ, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sọ ọ́ di eré tàbí fíìmù, tàbí kí ó yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911 ni a kọ́kọ́ ń lò. A ṣe tiwa ní ọdún 1970, a tún un ṣe ní ọdún 1988. Èyí tí a ń tẹ̀lé nísinsìnyí ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a di mú nípa òfin yìí. Èkíní ni pé kò dáàbò bo èrò inú, bẹ́ẹ̀ ni kò dáàbò bo ìṣẹ̀lẹ̀. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Èkejì ni pé kò dìgbà tí oníṣẹ́ bá lọ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ tó di tirẹ̀. Bí ó bá ti lo agbára orí tirẹ̀, tí ó sì ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ tàbí gbà á sórí ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ ti dé. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìgbà kan rí sọ pé àmì ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ wà lára iṣẹ́. Ní ọdún 1968, George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó owó díẹ̀ jọ, wọ́n ṣe fíìmù Night of the Living Dead. Àwọn tí ń pín in káàkiri yí orúkọ rẹ̀ padà, àmì náà sì bọ́ nígbà tí wọ́n ń fi orúkọ tuntun sí i. Báyìí ni fíìmù náà di ti gbogbo ènìyàn lójú òfin Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí ó jáde. Ẹnikẹ́ni lè tà á, àwọn tí ó ṣe é kò sì lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀tọ́ àdàkọ ní òpin. Fún ìwé, orin tí a kọ àti iṣẹ́ ọnà, ẹ̀tọ́ náà wà títí oníṣẹ́ yóò fi kú, yóò sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Fún fíìmù, àwòrán tí a fi ẹ̀rọ yà àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, 50 ọdún ni lẹ́yìn òpin ọdún tí a kọ́kọ́ gbé wọn jáde. Nígbà tí àkókò yìí bá pé, iṣẹ́ náà á di ogún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè owó.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ogun Jálumi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó ni ín. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Ìbàdàn kò ni ín, Ìlọrin kò ni ín, òǹkọ̀wé kankan kò sì lè sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà òun ni òun ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ó kú ní ọdún 1874. Ẹnikẹ́ni lè ṣe fíìmù nípa ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ tí ó fi sí àwọn ènìyàn lẹ́nu, bí ó ṣe to ìran tẹ̀lé ìran, ti Ìṣọ̀lá ni. Ọdún 2018 ni ó kú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ní parí títí di òpin ọdún 2088. Obìnrin náà jẹ́ ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n eré náà ní olówó.

Àwọn ìwé méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kó jọ ni ó tún kàn. Ọ̀kan ni The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù lẹ́yìn tí a fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù. Òun náà kú ní ọdún 1920, ìwé sì jáde ní ọdún 1921. Ìwé kejì ni èyí tí I. B. Akínyẹlé fi Yorùbá kọ, Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, Ìwó, Ìkìrun àti Òṣogbo, tí ó jáde ní ọdún 1911.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti lè tan ènìyàn jẹ. Ti Akínyẹlé fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ti Johnson jáde. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ti Akínyẹlé ni yóò kọ́kọ́ di òmìnira. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni òfin ń wò, kì í ṣe ọdún tí ìwé jáde. Bí a tilẹ̀ ka ti Johnson láti ọdún 1920 tí àbúrò rẹ̀ kú, 70 ọdún rẹ̀ ti pé ní òpin ọdún 1990. Akínyẹlé pẹ́ láyé. Ó jọba Olúbàdàn, ọdún 1964 ni ó sì wàjà. Ẹ̀tọ́ ìwé rẹ̀ wà títí di òpin ọdún 2034. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ wa lè mú odindi ojú-ìwé Johnson, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ó fi sí òṣèré lẹ́nu. Ní ti Akínyẹlé, ó lè kà á, kí ó fi kọ́gbọ́n, kí ó mú òótọ́ ìtàn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ lo gbólóhùn bàbá náà bí ó ti rí, kí ó wá àwọn àrólé rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a máa ṣírò ti àwọn mìíràn. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú ní ọdún 1891: iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti gbogbo ènìyàn. E. M. Líjàdù, tí ó kọ ìwé lórí Ifá, kú ní ọdún 1926: tirẹ̀ náà ti bọ́ sí gbangba. Ṣùgbọ́n D. O. Fágúnwà kú ní ọdún 1963, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Àkàrà-ògùn láìgba àṣẹ kí ọdún 2033 tó parí. Dúró Ládípọ̀ kú ní ọdún 1978, Ògúndé ní ọdún 1990. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ yín ní kíláàsì.

Àwọn kan a máa sọ pé bí a bá ṣáà ti yí orúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé padà, ó ti tán. Irọ́ ni. Ní ọdún 1922, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì, Prana-Film, fi ìwé Dracula tí Bram Stoker kọ ṣe fíìmù tí wọ́n pè ní Nosferatu. Wọ́n yí orúkọ padà, wọn kò sì gba àṣẹ. Stoker ti kú láti ọdún 1912, ṣùgbọ́n Florence, opó rẹ̀, ṣì wà láyé, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1925, ilé-ẹjọ́ ní kí a run gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà. Díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ni a fi mọ̀ ọ́n lónìí. Òkú òǹkọ̀wé kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àrólé rẹ̀ ní ẹnu.

Ìṣòro kejì ni pé iṣẹ́ kan lè wà nínú iṣẹ́ mìíràn, bí aṣọ tí a wọ̀ lé ara wọn. Sophocles, ará Gíríìsì, ti kú láti ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Ìtàn Oedipus rẹ̀ kò ní olówó mọ́. Ọlá Rótìmí mú ìtàn yìí, ó gbé e wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó sọ ọ́ di The Gods Are Not to Blame. Ẹni tí ó bá lọ bá Sophocles kò jẹ Rótìmí ní gbèsè. Ẹni tí ó bá mú Odéwálé àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti wọ agbolé Rótìmí, ẹni tí ó kú ní ọdún 2000. Ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ni wọ́n fi ṣe fíìmù Ìjà Òmìnira ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ̀tọ́ fíìmù náà yóò kọ́kọ́ parí, nítorí 50 ọdún péré ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì ní ààbò títí di òpin ọdún 2087, nítorí pé ọdún 2017 ni Fálétí jáde láyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí I. K. Dairo ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ti kọjá 50 ọdún. Ṣùgbọ́n orin tí ó kọ, tí ó wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ti àwọn àrólé rẹ̀ ni títí di òpin ọdún 2066, nítorí ọdún 1996 ni ó kú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó fi orin sínú fíìmù, ìbéèrè méjì ni kí ó bi ara rẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀?

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù, èyí ni ọ̀rọ̀ oríkì. Òkukù gbajúmọ̀ lágbàáyé nítorí oríkì. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ibẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970, ó gba ohùn àwọn obìnrin tí ń ki oríkì sílẹ̀, ó sì gbé ìwé ńlá jáde lórí wọn ní ọdún 1991. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ṣí ìwé náà, tí ó rí oríkì orílẹ̀ kan níbẹ̀, ta ni ó ni ín?

Ìpele mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ oríkì gan-an jẹ́ ogún ìdílé àti ti ìlú. A kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tí ó ki i lọ́jọ́ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, nítorí òfin mọ òṣèré: a kò gbọdọ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí gbé e sáfẹ́fẹ́ láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ yìí sì wà fún 50 ọdún. Àlàyé àti ìtumọ̀ tí onímọ̀ kọ sínú ìwé jẹ́ ti onímọ̀ náà. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wa má da ìwé ẹnikẹ́ni kọ. Kí ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, kí ó lọ sí Òkukù tàbí Inísà, kí ó bá ìyá àgbà kan tí ó mọ oríkì sọ̀rọ̀, kí ó sì gbọ́ ọ láti orísun.

Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé nítorí kò sí òǹkọ̀wé, kò sí ààlà. Láti ọdún 1988 ni òfin wa ti ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àṣà àtẹnudẹ́nu, ti ọdún 2022 náà kò sì gbàgbé rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi àlọ́, orin ìbílẹ̀, ijó tàbí ewì àbáláyé pa owó, tàbí tí a fẹ́ lò wọ́n kúrò ní ibi tí àṣà fi wọ́n sí, àṣẹ gbọ́dọ̀ wà. Ọwọ́ Nigerian Copyright Commission, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ni òfin 1988 fi àṣẹ náà sí. Òfin yìí yọ ẹ̀kọ́ kíkọ́ sílẹ̀. Ó yọ ẹni tí ó yá díẹ̀ lò láti fi dá iṣẹ́ tuntun tirẹ̀ sílẹ̀, bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó fi dandan lé e pé, nígbà tí a bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí gbangba, kí a dárúkọ ìlú tàbí àwọn ènìyàn tí a ti mú un wá. Kí fíìmù sọ pé oríkì yìí ti Òkukù wá, orin Ọ̀tìn yìí ti Inísà wá.

Èmi fara mọ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n ohun kan kù nínú rẹ̀. Ó fi àṣẹ sọ́wọ́ àjọ ìjọba. Kò fi sọ́wọ́ ìyá tí ń ki oríkì, bẹ́ẹ̀ ni kò fi sọ́wọ́ agbo ilé tí ó ni ín. Ẹnì kan lè gba ìwé àṣẹ láìfi ẹsẹ̀ tẹ Òkukù. Obìnrin tí ó fi ọgọ́ta ọdún kọ́ oríkì lẹ́nu ìyá rẹ̀ lè rí ohùn ara rẹ̀ nínú fíìmù, kí ó má rí kọ́bọ̀, kí a má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Òfin lè má mú ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí kò nílò kí òfin mú òun kí ó tó mọ ohun tí ó tọ́. Kí a fún ìyá náà lówó iṣẹ́ rẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ bí a ti ń kọ orúkọ àwọn òṣèré tó kù, kí a sì mú fíìmù padà wá fi han ìlú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde lẹ́yìn mi láti sọ pé àwọn baba wa kò mọ ẹ̀tọ́ àdàkọ. Kí oníjàálá tó sun ìjálá kò kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni pé wọn kò gba ìwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ya ẹnu, wọ́n a máa júbà. Wọ́n a júbà ọ̀gá tí ó kọ́ wọn, wọ́n a sì júbà àgbà tí ó wà níjokòó. Ìjúbà ni pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wá. Òfin tí ó ní kí a dárúkọ ìlú tí a ti mú oríkì kò sọ ju èyí lọ.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó tan iná kámẹ́rà, kí ó mú ìwé kan, kí ó kọ gbogbo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tí yóò wọ inú fíìmù náà sí i. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ oníṣẹ́, ọdún tí ó kú tàbí ọdún tí iṣẹ́ jáde, àti ọdún tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò parí. Èyí tí ó bá ti parí, kí ó lò ó láìfòyà. Èyí tí kò bá tíì parí, kí ó wá olówó rẹ̀ rí, kí wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ ìwé. Òfin 1988 sọ ọ́ ní kedere pé ẹni tí yóò ṣe fíìmù gbọ́dọ̀ bá gbogbo àwọn tí yóò lo iṣẹ́ wọn ṣe àdéhùn nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí ó kọ orin fún un lọ́fẹ̀ẹ́ wà lára wọn, nítorí pé ọjọ́ tí owó bá dé ni a ń mọ ọ̀rẹ́. Bí yóò bá sì fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí òkè òkun tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó rántí pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìṣirò tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 95 ọdún láti ọjọ́ ìtẹ̀jáde ni wọ́n ń kà fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó jáde ṣáájú ọdún 1978. Àwa pẹ̀lú ti wọ àdéhùn Berne láti ọdún 1993, nítorí náà iṣẹ́ àlejò ní ààbò lọ́dọ̀ wa, tiwa náà sì ní ààbò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo fi gbólóhùn tí ó kù sílẹ̀ fún. Ẹ má fi ẹ̀tọ́ àdàkọ dẹ́rù ba àwọn ọmọ débi tí wọn yóò fi sá fún ogún wọn. Ìwé Johnson ṣí sílẹ̀. Odò Ọ̀tìn ṣì ń ṣàn. Ogun Jálumi ń dúró de ọmọ Ìkìrun, ọmọ Ìbà tàbí ọmọ Òkukù tí yóò gbé e jáde, kí àjèjì tó bá wa gbé e. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́ tiwọn, kí wọ́n lò ó tayọ̀tayọ̀; ẹ sì kọ́ wọn kí wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Lọ́jọ́ tí fíìmù wọn bá jáde, àwọn náà ti di oníṣẹ́ tí ó ní ẹ̀tọ́, wọn yóò sì fẹ́ kí ará ẹ̀yìn kan ilẹ̀kùn tiwọn.